Èdè Òkèèrè, Èdè Aládùúgbò, àti Ohun Tí À Ń Fi Du Àwọn Ọmọ Wa

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo kí yín, mo sì kí gbogbo àwọn òṣìṣẹ́ yín tí wọn kò jẹ́ kí kíka Yorùbá di ohun ìgbàgbé láàrin wa. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbé síta jẹ mọ́ ìpinnu tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, nígbà tí Mínísítà fún ètò ẹ̀kọ́, Ọ̀mọ̀wé Tunji Alausa, kéde pé àwọn ti fagi lé ìlànà ọdún 2022 tó sọ pé èdè abínibí ni kí wọ́n máa fi kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àti pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí gbogbo olùkọ́ padà sí. Láti ìgbà náà ni àríyànjiyàn ti ń lọ, títí dé ẹnu ọ̀nà mọ́sálááṣí àti ibùdókọ̀ níhìn-ín ní Ìlọrin. Àwọn kan ní Yorùbá ni kò jẹ́ kí àwọn ọmọ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn kan ní Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn èdè òkèèrè yòókù ló fẹ́ pa Yorùbá. Lójú tèmi, ṣe ni ìhà méjèèjì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé àpò kékeré kan ni orí ọmọ, tí ó fi jẹ́ pé bí èdè kan bá ti wọ inú rẹ̀, òmíràn gbọ́dọ̀ jáde.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Faransé ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama ìjọba ní ìpínlẹ̀ yìí kí n tó fẹ̀yìn tì, nítorí náà mo lè sọ díẹ̀ nínú ohun tí ojú mi rí. Èrè tó tóbi jù lọ nínú kíkọ́ èdè ẹlòmíràn ju iṣẹ́ lọ, ó ju físà lọ, ó sì ju máàkì ìdánwò lọ. Èrè náà ni pé ẹni tó bá kọ́ ọ dáadáa yóò ti di àlejò rí. Yóò ti dúró níwájú ọmọdé tó gbọ́ èdè náà ju òun lọ, yóò ti ṣi ọ̀rọ̀ sọ tí wọ́n ti fi í rẹ́rìn-ín, yóò sì ti mọ bí ó ṣe máa ń rí nígbà tí ọgbọ́n bá wà nínú ẹni ṣùgbọ́n tí ẹnu kò lè gbé e jáde. Lẹ́yìn èyí, ó ṣòro kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ tún gbọ́ Yorùbá tí àjèjì ń ṣì sọ kí ó sì rò pé òmùgọ̀ ni àjèjì náà. Mo gbà pé ibẹ̀ ni ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń pè ní jíjẹ́ ọmọ aráyé ti ń bẹ̀rẹ̀, bí orúkọ tí wọ́n fún un tilẹ̀ tóbi ju bí ó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ lọ.

Ìlọrin kò lè sọ pé ọ̀rọ̀ yìí ṣàjèjì sí òun. Ìlú tí Àfọ̀njá àti Ṣẹ́ẹ̀ù Àlímì ti pàdé, tí Yorùbá, Fúlàní, Haúsá, Kànúrí, Nupe àti Bàrùbá ti jọ kọ́lé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí àwọn Balógun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, Àjíkobì, Alánamú, Gàmbàrí àti Fúlàní, sì wà títí di òní, kì í ṣe ìlú elédè kan láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọ̀dọ̀ wa ni àwọn oníṣòwò tó ń ti ilẹ̀ Haúsá bọ̀ máa ń dé sí, tí wọn kì í sábà kọjá. Wọ́n á wọ̀ sílé àwọn baálé ilé ní àdúgbò Gàmbàrí. Baálé ilé náà ló máa gba ẹrù wọn sílẹ̀, òun ló máa bá wọn wá oníbàárà, òun náà ló sì máa dúró fún wọn bí ẹnì kan bá jẹ wọ́n ní gbèsè. Irú alágbàtà bẹ́ẹ̀ kò lè jẹun bí kò bá gbọ́ èdè méjì, ó kéré tán. Òwò rẹ̀ kò sì ní pẹ́ dàrú bí ó bá gbọ́ èdè tán tí kò mọ ohun tó ń bí àlejò rẹ̀ nínú, ohun tí ẹ̀sìn rẹ̀ kọ̀, àti bí wọ́n ṣe ń ná ọjà ní ìlú tó ti wá. Kò sí ilé-ẹ̀kọ́ tó kọ́ wọn. Òwò, ìgbéyàwó àti kéwú ló kọ́ wọn.

Kéwú yìí gan-an tó ọ̀rọ̀ sọ. Bí ẹnikẹ́ni bá ń ṣiyèméjì pé èdè òkèèrè lè sọ ọmọ Yorùbá di ẹni tí ayé ń tẹ́tí sí, kí ó wo Ṣéèkì Adam Abdullah Al-Ilori, ẹni tí wọ́n bí ní 1917, tó dá Markaz, ilé-ẹ̀kọ́ Lárúbáwá rẹ̀, sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1952 kí ó tó gbé e lọ sí Agége, tó sì jáde láyé ní 1992. Èdè Lárúbáwá ló fi kọ ọ̀pọ̀ ìwé rẹ̀ nípa ẹ̀sìn Ìsìláàmù nílẹ̀ Yorùbá àti ní Nàìjíríà, ó sì jẹ́ kí àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Íjíbítì àti ti àwọn ilẹ̀ Lárúbáwá yòókù gbọ́ ìtàn wa láti ẹnu ọmọ wa. Àwọn ọmọ tó ń kọ́ èdè òkèèrè lónìí, ohun tí ẹlòmíràn sọ nìkan ni à ń kọ́ wọn láti gbọ́. A kì í sábà sọ fún wọn pé àwọn náà ní ohun tí wọ́n lè fi èdè náà sọ nípa ilé wọn.

Ṣùgbọ́n ilé kéwú ní ẹ̀gbẹ́ mìíràn tó yẹ kí a sọ láìfepo-bọyọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ka Kùránì já, tí wọ́n pa ẹran wòlímọ̀ fún, tí kò lè fi èdè náà béèrè omi mímu. Ṣéèkì Kamaldeen Al-Adabiy, tó dá ẹgbẹ́ Ansarul Islam sílẹ̀ ní 1942, wà lára àwọn tó rí àbùkù yìí ní Ìlọrin, tí wọ́n sì tún ọ̀nà ìkọ́ni ṣe kí ọmọ kéwú lè gbọ́ ohun tó ń kà. Ohun tó ń ṣe kéwú nígbà yẹn ló wá ń ṣe Faransé ní ilé-ẹ̀kọ́ girama báyìí.

Ní oṣù kejìlá ọdún 1996, ìjọba Ọ̀gágun Sani Abacha kéde pé Faransé yóò di èdè ìjọba kejì ní Nàìjíríà, ìlànà ètò ẹ̀kọ́ ọdún 1998 sì gbà á wọlé. Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Orílẹ̀-èdè mẹ́rin ló bá wa pààlà lórí ilẹ̀, Benin, Niger, Chad àti Cameroon, kò sì sí èyí tí Faransé kò ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ nínú wọn láti ayé àwọn amúnisìn. ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Èkó ní 1975, pẹ̀lú ń fi Gẹ̀ẹ́sì, Faransé àti Potogí ṣiṣẹ́. Ìkéde ni ìjọba ṣe, olùkọ́ kò tẹ̀lé e. Mo mọ ilé-ẹ̀kọ́ tó jẹ́ pé ẹni tó ń kọ́ni ní ìmọ̀ ìjọba ni wọ́n ní kó máa mú Faransé mọ́ ọn, nítorí pé ó ti gbé ní Togo fún ìgbà díẹ̀ rí. Níbi tí olùkọ́ tilẹ̀ wà, ìdánwò ni gbogbo wa ń lé: ọmọ á há ọ̀rọ̀-ìṣe sórí, á gba máàkì tó wuni, ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé e sọ̀ sí àárín ọjà ní Kútọnu, kò ní lè ná tòmátò. Ìjọba àpapọ̀ dá Abúlé Èdè Faransé sílẹ̀ ní Àjárá, ní Badagry, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga lè lọ gbé láàrin èdè náà fún sáà kan. Wọ́n dá ti Lárúbáwá sílẹ̀ ní Ngala ní ìpínlẹ̀ Borno, kí ogun Boko Haram tó lé wọn kúrò níbẹ̀. Èrò gidi ni, ṣùgbọ́n àwọn tó ti yan èdè náà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga ló ń jẹ àǹfààní rẹ̀ jù. Ọmọ girama ní Ọ̀fà tàbí ní Òmù-Àrán kò bá wọn débẹ̀.

Bí a bá na okùn lórí àwòrán ilẹ̀, Parakou ní orílẹ̀-èdè Benin sún mọ́ Ìlọrin ju Àbújá lọ. Yorùbá wà níbẹ̀, Bàrùbá wà níbẹ̀, Dendi wà níbẹ̀, Faransé ni wọ́n sì fi ń kàwé. Síbẹ̀ ọmọ wa mọ orúkọ odò tó ṣàn la Paris kọjá, kò sì mọ nǹkan kan nípa Parakou, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni ìwé tí a fi ń kọ́ ọ ṣe wí. Ìgbà kan wà tí mo bẹ oníṣòwò kan, ọmọ Yorùbá láti Sábẹ̀ẹ́ ní Benin, pé kó wá bá àwọn ọmọ kíláàsì mi sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan. Nígbà tí ó wọlé pẹ̀lú agbádá àti ilà ojú bíi ti bàbá wọn àgbà, tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ Faransé tó dán mọ́nrán, tí wọ́n sì wá gbọ́ pé kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rárá, ẹnu ya àwọn ọmọ náà. Wọ́n ti gbà láti kékeré pé Gẹ̀ẹ́sì àti ìmọ̀ ìwé, ohun kan náà ni. Wọ́n fi Faransé jágbajàgba bi í ní ìbéèrè, wọ́n fi Yorùbá kún un níbi tí Faransé tán lẹ́nu wọn, òun náà sì fi Yorùbá Sábẹ̀ẹ́ dá wọn lóhùn. Ọ̀kan nínú wọn bi í bóyá ìjìyà wà nílé-ẹ̀kọ́ tiwọn náà fún ọmọ tó bá sọ Yorùbá. Ó ní ó wà. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín.

Ọ̀fà ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ ni mo sì ti kọ́kọ́ rí ohun tí èdè òkèèrè máa ń ṣe sí ọkàn ènìyàn. Ọ̀pọ̀ ará Ọ̀fà, Ìlọrin, Ògbómọ̀ṣọ́ àti àwọn ìlú tó yí wa ká ló ti fi Gánà ṣelé kí ìjọba Busia tó pàṣẹ ní oṣù kọkànlá ọdún 1969 pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin wà lára àwọn tó padà wálé. Aṣọ ló ń tà ní Kumasi, àárín àwọn onílẹ̀ ló sì ń gbé. Bí inú bá bí i, Twi, èdè àwọn ará ibẹ̀, ló fi ń bínú. Bí ó bá ń ka owó, Twi ló fi ń kà á. Ènìyàn á rò pé ẹni tí wọ́n lé jáde báyìí yóò kórìíra àwọn tó lé e. Ó bínú sí ìjọba wọn, kò sì fi pamọ́. Ṣùgbọ́n kò sí ìgbà tó sọ̀rọ̀ nípa ará Gánà tí kò mọ ẹni tó ń bá wí: ìyá tó bá a gbọ́mọ nígbà tó ń ṣàìsàn, oníbàárà tó wá san gbèsè rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ tó ń di ẹrù, ọ̀dọ́kùnrin tó fi owó táṣẹ́rẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù mọ́ ọn lọ́wọ́. Gbogbo wọn ló ní orúkọ lẹ́nu rẹ̀.

Nígbà tó wá di oṣù kìn-ín-ní ọdún 1983, tí ìjọba Shagari náà pàṣẹ pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé kúrò ní Nàìjíríà, tí ọ̀kẹ́ àìmọye ará Gánà sì ń rọ́ lọ sí ẹnubodè pẹ̀lú àpò tí a wá ń pè ní Ghana Must Go títí dòní, ọ̀pọ̀ ènìyàn ní àdúgbò wa ló ń sọ pé ẹ̀san dé. Ìyá yìí kò bá wọn sọ ọ́. Ó jókòó síta pẹ̀lú oníṣẹ́ bàtà ará Gánà kan tó ń gbé nítòsí wa, wọ́n ń sọ Twi títí ilẹ̀ fi ṣú, ó sì bá ìyàwó ọkùnrin náà tọ́jú ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ títí wọ́n fi rán ènìyàn wá gbé e. N kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé èdè nìkan ló fà á, nítorí òun náà ti jẹ irú ìyà bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n àwọn ọkùnrin kan wà ládùúgbò wa tí wọ́n jọ jẹ ìyà náà ní 1969, tó jẹ́ pé àárín Yorùbá ẹgbẹ́ wọn ni wọ́n gbé ní gbogbo ìgbà tí wọ́n fi wà ní Gánà, tí Twi wọn kò kọjá ti ẹ̀ẹ́lòó àti dín in kù, àwọn gan-an ni ẹnu wọn mú jù lọ́jọ́ náà. Wọn kì í ṣe ènìyàn burúkú. Wọ́n gbé láàrin àwọn ènìyàn kan fún ọdún gbọọrọ láìgbọ́ ohun tí àwọn ènìyàn náà ń sọ nígbà tí kò sí ọjà níwájú wọn.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan yóò ní èdè kì í dá ogun dúró. Òótọ́ ni. Ní Rwanda ní 1994, Kinyarwanda kan náà ni ẹni tó ń pa ènìyàn àti ẹni tí wọ́n ń pa ń sọ. Níhìn-ín ní Kwara, ìlú Share àti ìlú Tsaragi ti bá ara wọn jà lórí ilẹ̀, kì í sì í ṣe àìgbédè ara wọn ló fà á. Àwọn òyìnbó amúnisìn pàápàá kọ́ èdè ilẹ̀ wa: àwọn aláṣẹ Gẹ̀ẹ́sì ní Àríwá ní láti yege nínú ìdánwò Haúsá, wọ́n sì fi Haúsá náà gba owó orí. Nítorí náà, ó kù sí ohun tí ènìyàn ń wá nínú èdè. Heinrich Barth, ará Jámánì, tó rin Ìwọ̀-Oòrùn àti àárín gbùngbùn Áfíríkà láàrin 1850 sí 1855, gbọ́ Lárúbáwá kó tó gbéra, ó sì kọ́ Haúsá, Kànúrí àti Fúlàní lójú ọ̀nà. Ní Timbuktu, níbi tí àwọn kan ti fẹ́ kí wọ́n lé e tàbí kí wọ́n pa á, Ṣéèkì Ahmad al-Bakkai ló dáàbò bò ó, àwọn méjèèjì a sì máa jókòó jíròrò lórí ẹ̀sìn. Àwọn onímọ̀ ìtàn ilẹ̀ Haúsá àti Bọ̀nú ṣì ń gbára lé ohun tí ó kọ sílẹ̀, nítorí pé ó béèrè lọ́wọ́ àwọn onílẹ̀, ó sì gbọ́ èsì wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni Thomas Jefferson Bowen, ajíhìnrere ará Amẹ́ríkà tó wá sí Ìlọrin yìí ní 1855; gírámà àti atúmọ̀ èdè Yorùbá tó kọ jáde ní 1858 láti Smithsonian ní Washington. Nítòsí wa ní Òkukù, Karin Barber, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, wá kọ́ nípa oríkì, ó gbọ́ Yorùbá débi pé ó bá ẹgbẹ́ òṣèré Oyin Adéjọbí ṣeré lórí ìtàgé. Ẹni tó bá ti dúró níwájú èrò Yorùbá lórí ìtàgé, tó fi èdè wọn pa wọ́n lẹ́rìn-ín, kò tún lè kọ̀wé nípa wọn bí ẹni ń wo wọ́n láti ojú fèrèsé.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí ọ̀rọ̀ mínísítà. Ó ní àwọn agbègbè tí wọ́n ti ń fi èdè abínibí kọ́ni jù ni àwọn ọmọ ti ń fìdí rẹmi jù nínú ìdánwò WAEC, NECO àti JAMB. Àbájáde ohun tí wọ́n ti dán wò nílẹ̀ Yorùbá kò bá ọ̀rọ̀ náà mu. Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà kan, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́ láti ọdún kìn-ín-ní títí dé ìkẹfà, tí wọ́n sì ní olùkọ́ ọ̀tọ̀ tó mọ Gẹ̀ẹ́sì dunjú tó ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ọmọ náà ta àwọn ẹgbẹ́ wọn yọ, títí kan nínú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Kò yà mí lẹ́nu. Nínú kíláàsì Faransé tèmi, ọmọ tó lè fi Yorùbá to ìtàn kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin kì í pẹ́ kó tó lè fi Faransé to ó. Ọmọ tó ń da Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ tí kò lè fi èyíkéyìí parí gbólóhùn kan, òun ló máa ń lágídí fún mi jù lọ. Samuel Ajayi Crowther, ọmọ Òṣogùn, gbọ́ Yorùbá kó tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ó kọ ìwé àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá, tó ní àlàyé gírámà nínú, jáde ní 1843, ó sì kọ ti Nupe ní 1864, ọdún tí wọ́n fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù. Ó lé ní 160 ọdún sẹ́yìn tí ọmọ Yorùbá ti kọ gírámà Nupe. Èwo nínú àwa tí a jọ ń gbé ìpínlẹ̀ kan náà pẹ̀lú Nupe ló lè kí wọn ní èdè wọn láàárọ̀?

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn mí jù nìyí. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá Kwara sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún ọdún 1967 ni a ti ń bá Nupe Pàtígì àti Lafiagi, àti Bàrùbá Baruten àti Kaiama, pín ìjọba kan. Bí wọ́n bá wá sí Ìlọrin, wọ́n á tiraka láti sọ Yorùbá. Bí àwa bá lọ sọ́dọ̀ wọn, Yorùbá tàbí Gẹ̀ẹ́sì náà ni à ń retí pé kí wọ́n fi dá wa lóhùn. Nínú eré apanilẹ́rìn-ín wa, ẹni tó ń fi ohùn Gàmbàrí sọ Yorùbá kì í kọjá ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì tí kò gbọ́n, a sì máa ń kú fún ẹ̀rín. Èmi náà ti rẹ́rìn-ín rí kí n tó lọ sí ibi tí èmi fúnra mi ti jẹ́ ẹni tí wọ́n ń fi ohùn rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ní ti Bàrùbá, ohun tí ọ̀pọ̀ ará Ìlọrin mọ̀ nípa wọn kò ju ìtàn ogun tí Aláàfin Olúewu àti àwọn ọmọ-ogun Bàrùbá gbé wá bá ìlú yìí láyé àtijọ́ lọ. Wọn kò mọ̀ pé ìwé tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fọwọ́ sí ní 1898 la ilẹ̀ Bàrùbá sí méjì, tí Nikki tó jẹ́ orírun àwọn ọba wọn bọ́ sọ́dọ̀ Faransé, tí Kaiama bọ́ sọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ́ẹ̀ ohun kan náà gan-an ló ṣẹlẹ̀ sí àwa Yorùbá ní Kétu àti Sábẹ̀ẹ́. Àwọn àgbà ní ọmọ tí kò bá dé oko ẹlòmíràn rí ni yóò sọ pé kò sí oko tó tó ti bàbá òun. Oko Bàrùbá kò jìnnà sí wa.

Àwọn ọ̀dọ́ á ní fóònù ti gba gbogbo èyí ṣe. Òótọ́ ni pé Google ti fi Yorùbá kún àwọn èdè tó ń túmọ̀ láti 2013, mo sì ń lò ó. Ó lè sọ ohun tí ìwé oògùn wí fún yín. Kò lè mú kí ojú tì yín bó ṣe yẹ kí ojú ti akẹ́kọ̀ọ́ èdè, nítorí náà kò lè kọ́ yín ní sùúrù tí ìtìjú yẹn ń kọ́ni. Mo sì ń rí àwọn nọ́ọ̀sì tó ń kọ́ èdè Jámánì ní alaalẹ́ kí wọ́n lè jáde kúrò nílùú. N kò bá wọn wí. Ọ̀nà àtijẹ ni, ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n bá ohun tí wọn kò wá pàdé níbẹ̀.

Ohun tí mo ń béèrè kò gba owó tó pọ̀. Kí ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀ Kwara má ṣe kó gbogbo olùkọ́ Faransé jọ sí àárín Ìlọrin. Kí wọ́n rán wọn dé Ìgbómìnà, Ìbọ̀lọ́ àti Èkìtì ti Kwara, kí wọ́n sì fún ẹnu sísọ ní ìdajì máàkì nínú ìdánwò abẹ́lé. Kí ilé-ẹ̀kọ́ mélòó kan bá àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Parakou ṣe àdéhùn, kí àwọn ọmọ máa fi fóònù olùkọ́ gba ohùn ara wọn sílẹ̀, ọmọ tibí á fi Faransé sọ ohun tó jẹ ní ọjọ́ iléyá tàbí Kérésìmesì, ọmọ tọ̀hún á fi Gẹ̀ẹ́sì sọ tirẹ̀. Ó pẹ́ tí Rédíò Kwara ti ń ka ìròyìn ní Yorùbá, ní Nupe, ní Bàrùbá àti ní Fúlàní. Ó yẹ kí ìṣẹ́jú díẹ̀ wà lẹ́yìn ìròyìn Nupe tí wọ́n á fi kọ́ ẹni tí kò gbọ́ Nupe ní nǹkan kékeré kan. Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ láti 1977 ti sọ pé kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ́ ọ̀kan sí i nínú Haúsá, Ìgbò àti Yorùbá. Kò dí ìpínlẹ̀ lọ́wọ́ láti fi èdè àwọn ará ilé rẹ̀ kún un.

Ẹ̀yin náà, Olóòtú wa, bí ẹ bá lè fún wa ní igun kékeré kan ní ojú ewé àwọn ọmọdé, kí ẹ máa tẹ ìkíni àti ìbéèrè márùn-ún jáde ní Nupe lọ́sẹ̀ kan, ní Bàrùbá lọ́sẹ̀ kejì, mo mọ àwọn olùkọ́ ní Pàtígì àti ní Òkúta tí yóò kọ ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ ti Faransé mọ́ ọn, èmi náà ṣe tán láti máa kọ ọ́, ní Faransé tí wọ́n ń sọ ní Parakou.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ èdè Faransé tó ti fẹ̀yìn tì,
Ìlọrin, Ìpínlẹ̀ Kwara.